Ọmọ Tó Kọ́kọ́ Rí Àṣìṣe

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò àpéjọ yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí ìṣègùn, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni ìròyìn oògùn tuntun àti àwọn dókítà ńláńlá. Ẹ forí jì mí. Àwọn tí mo wá sọ̀rọ̀ nípa wọn kì í wọ aṣọ funfun, aláìsàn kankan kò sì mọ orúkọ wọn. Àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ oníwádìí tó wà nínú láàbù biostatistics ní yunifásítì, àwọn tó ń ka másításì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò tí à ń lò fún ètò ìlera. Láàbù ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kò ní rí ìgò, ẹ kò ní rí eku funfun. Kọ̀ǹpútà lẹ máa rí, pátákó tí wọ́n kọ ìṣirò kún, àti ọmọ kan tó tẹjú mọ́ nọ́ńbà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà yẹn lè tó ìlà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹlòmíràn lò kó tó jáde nílé láàárọ̀ yìí, ẹnìkan ló jókòó ka iye àwọn tó ṣe lóore àti iye àwọn tí kò ṣe ní nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí àṣìṣe bá wọ inú iṣẹ́ ìṣègùn, ọmọ tó kéré jù nínú láàbù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i, ọmọ yẹn gan-an sì ni oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí àṣìṣe náà máa dójú tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òde òní. Ní London, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Karl Pearson kó àwọn tó mọ ìṣirò jọ sí University College láti máa wọn ohun alààyè. Alice Lee wà lára wọn. Láyé ìgbà yẹn, àwọn àgbà onímọ̀ gbà pé agbárí obìnrin kéré ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà ọgbọ́n obìnrin náà ló kéré. Alice Lee kò bá wọn jiyàn, òṣùwọ̀n ló mú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ṣèpàdé ní Dublin ní 1898, wọ́n wọn orí ọkùnrin 35 nínú wọn. Alice Lee ṣírò bí agbárí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ó tò wọ́n láti orí ẹni tó tóbi jù dé ẹni tó kéré jù, ó sì kọ orúkọ wọn síbẹ̀ gbangba. Àwọn gbajúmọ̀ kan bá ara wọn nísàlẹ̀. Ta wá ni yóò tún dìde sọ pé orí ńlá ni ọgbọ́n ńlá? Francis Galton, àgbà onímọ̀ kan, wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Pearson, ọ̀gá Alice Lee, ló dìde gbèjà rẹ̀. Iṣẹ́ náà jáde ní 1901, ó sì gboyè. Mi ò ní torí èyí fi Pearson ṣe ẹni mímọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó yẹ kí ìjọba máa ṣa irú ènìyàn tí yóò bímọ, èrò burúkú tó ṣe ayé níbi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ mú nọ́ńbà tí àwọn àgbà kò fẹ́ wá, kò tì í síta.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ará ìta rò pé ìṣirò gíga ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́. Ìṣirò gíga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣíṣa ẹ̀wà ló pọ̀ jù. Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ ó kọ́kọ́ da ẹ̀wà sórí àtẹ, ẹ ó yọ òkúta, ẹ ó yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Dátà tó ti ilé ìwòsàn dé, òkúta kún inú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ìlà kan, ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 999. Kì í ṣe Mètúsẹ́là. Wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé bí kò bá mọ ọjọ́ orí aláìsàn, kó kọ 999 síbẹ̀ kó má bàa ṣófo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé láti yọ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò rò ó mọ́ ti àwọn yòókù, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí gbogbo wọn yóò sì fò sókè. Lórí ìlà mìíràn, obìnrin kan ti bí àkọ́bí rẹ̀ kí wọ́n tó bí òun alára. Níbì kan, ọjọ́ ni ìṣòro. Bí ilé ìwòsàn Ìbàdàn bá kọ 03/04, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Bí ti Chicago bá kọ ọ́, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Ẹni tó bá da dátà ìlú méjèèjì pọ̀ láìbéèrè lè rí aláìsàn tí ara rẹ̀ yá kó tó gbé oògùn sẹ́nu, yóò sì máa yọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀.

Excel náà ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Àwọn àbùdá (gene) kan wà nínú ara ènìyàn tí wọ́n ń jẹ́ SEPT2 àti MARCH1 tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n sínú Excel, yóò sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹta, kò ní tọrọ gáfárà. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ní Australia yẹ àwọn ìwé ìwádìí tó ní àtẹ Excel fún àbùdá wò, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní àṣìṣe yìí nínú. Nígbà tó di 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ àbùdá lórúkọ kúkú pa orúkọ àwọn àbùdá náà dà. Ó di 2023 kí Excel tó fún ènìyàn láyè láti pa ìwà yẹn. Ta ló ti ń fi ojú ara rẹ̀ wá àṣìṣe yìí láti ọdún yìí wá, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì? Ẹ mọ̀ ọ́n.

Nílẹ̀ tiwa, ọjọ́ orí ni òkúta tó le jù. Ẹ bi àwọn àgbà Ìbàdàn ní ọdún tí wọ́n bí wọn, ọ̀pọ̀ yóò ní, "Mo ti lé lọ́gọ́rin." Bí ẹ bá kó ọjọ́ orí ẹgbẹ̀rún àgbà jọ, ẹ ó rí i pé àwọn ènìyàn rọ́ jọ sórí 60, 65, 70, 75 àti 80, bí ẹni pé wọn kì í bímọ lọ́dún tó bọ́ sáàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò rí òkìtì wọ̀nyẹn, yóò sì mọ̀ pé àfojúdá ni. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ka ènìyàn fi máa ń gba ọ̀nà tiwa bèèrè. Ṣé wọ́n ti bí yín kí àjàkálẹ̀ àrùn Lúkúlúkú tó jà ní 1918, bàbá? Ṣé ẹ ti ń lọ sóko nígbà Ogun Hitler? Ọmọ mélòó lẹ ti bí nígbà tí Adélabú kú ní 1958, ìyá? Nígbà omíyalé Ògùnpa ní 1980, àkọ́bí yín ti tó kí ni?

Fífi ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú wá ọjọ́ orí báyìí wà nínú iṣẹ́ kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà para pọ̀ láti mọ ìdí tí àgbàlagbà fi ń ṣarán. Wọ́n mú àwọn ẹni ọdún 65 sókè: àwọn Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ló léwájú níhìn-ín, Hugh Hendrie léwájú lọ́hùn-ún. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995 kí èso iṣẹ́ náà tó pọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì sì gbà á ṣe. Ní 2001 ni àbájáde ńlá jáde. Àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis ni wọ́n tẹ̀lé fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, iye tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí yóò fẹ́ dìde jó. Àwa kan ti ń sọ pé àmàlà ni, àwọn kan ní ewédú ni. Ibi tí ọmọ biostatistics ti ń ba ayọ̀ jẹ́ nìyí. Yóò bèèrè pé: ọjọ́ orí tí a kọ, ó dájú? Àwọn tó ṣarán ní Ìdíkàn, ṣé wọn kò ti kú ká tó padà lọ kà wọ́n? Ìbéèrè tí a fi mọ ẹni tó ń ṣarán, ṣé bó ṣe le fún ará Indianapolis ló ṣe le fún ìyá arúgbó tí kò lọ sílé ìwé rí? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í dùn mọ́ àgbà nínú lọ́jọ́ àjọyọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó bi wọ́n, tí wọ́n sì dáhùn, nọ́ńbà náà kò tó gbójú lé.

Mo fẹ́ sọ ti iṣẹ́ ìkejì, nítorí pé ó kan àwa gan-an. Nínú láàbù biostatistics èyíkéyìí lágbàáyé tí wọ́n ti ń wo àbùdá, ìbáà ṣe Seattle, ìbáà ṣe Beijing, lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ́: YRI. Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, ló dúró fún. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HapMap ló bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èso rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti inú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adébámọ̀wọ́ wà lára àwọn tó jókòó ti àwọn ará àdúgbò láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ohun tó ti ara wọn wá wà ní ilé ìpamọ́ Coriell ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, dátà rẹ̀ sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Nítorí náà, ọmọ Ṣáínà tí kò fi àmàlà kan ẹnu rí mọ àbùdá àwọn ará Ìbàdàn ju bí èmi ṣe mọ ọ́n lọ. Mi ò bínú sí i, ayé ti jèrè rẹ̀, àwa náà sì jèrè rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tiwa máa ń jápa, kó gba físà, kó wọkọ̀ òfuurufú, kó lọ jókòó ní Michigan, kó tó ráyè jókòó ti dátà ìdílé tó wà ní ìkọjá títì ilé wọn. Ọkọ̀ dánfó ló yẹ kó gbé e débẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n mú yín lọ sí Yunifásítì Duke, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti fi gbòǹgbò múlẹ̀. Ní 2006, Anil Potti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kọ ìwé kan jáde pé àwọn lè wo àbùdá jẹjẹrẹ kan, kí àwọn sì sọ oògùn tí yóò ràn án. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní Houston, àwọn dókítà ilé ìwòsàn M. D. Anderson fẹ́ lo ọ̀nà náà fún àwọn aláìsàn tiwọn, wọ́n sì ní kí àwọn onímọ̀ biostatistics wọn méjì, Keith Baggerly àti Kevin Coombes, bá wọn wò ó. Wọ́n gba dátà, wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò bára mu. Wọ́n tún un ṣe, kò bára mu. Nígbà tí wọ́n yẹ àtẹ náà wò fínnífínní, orúkọ àwọn àbùdá ti fi ìlà kan yẹ̀: nọ́ńbà àbùdá kan wà níwájú orúkọ èkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ látòkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé níbì kan, wọ́n gbé àmì gba orí ara wọn. Jẹjẹrẹ tí oògùn ń ràn ni wọ́n kọ pé oògùn kò ràn, èyí tí kò ràn ni wọ́n kọ pé ó ràn. Láti 2007, àwọn ará Duke sì ti ń fi ọ̀nà yìí yan oògùn fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó wà láàyè.

Baggerly àti Coombes kọ̀wé títí, àwọn ará Duke sì ń fèsì pé àṣìṣe kékeré ni. Ní 2009, Baggerly àti Coombes kúkú tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣirò. Duke dá ìdánwò oògùn náà dúró, wọ́n tún gbé e padà ní 2010. Ẹ gbọ́ ohun tó wá pa á pátápátá: kì í ṣe ìṣirò. Akọ̀ròyìn kan ló rí i nínú oṣù keje ọdún náà pé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes tí Potti ní òun gbà, kò gbà á. Irọ́ nípa ìwé ẹ̀rí ló ṣe ohun tí ọdún mẹ́ta ìṣirò kò lè ṣe. Ní 2015, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òdodo nínú ìwádìí kéde pé Potti ti yí dátà.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Kí Duke tó dá ohunkóhun dúró, ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń ṣe ìwádìí nínú láàbù náà kọ àkọsílẹ̀ fún àwọn àgbà pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ kò tọ̀nà, pé ẹnu òun kò gbà á láti fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà pẹ̀tù sí i nínú, wọ́n rọ̀ ọ́ pé kó má gbé e jáde. Ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lára àwọn ìwé ìwádìí, ó fi láàbù sílẹ̀, ó sì tún ọdún kan ṣe. Ìwé tó kọ kò tó ojú ayé títí di 2015. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn aláìsàn kan ì bá má ti wọ inú ìdánwò náà rárá.

À ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìgbéyàwó pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Nínú ìpàdé láàbù ńkọ́? Mo ti jókòó sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ bí ojú ṣe máa ń rí bí ọmọ kan bá nawọ́ tó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo rò pé àtẹ kẹta yẹn kò tọ̀nà." Inú yàrá yóò dákẹ́. Ẹnìkan yóò wúkọ́. Kì í ṣe Yorùbá nìkan, ará Duke náà wúkọ́.

Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́. Ní Amẹ́ríkà, nínú irú láàbù wọ̀nyí, owó oṣù ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti owó ilé ìwé rẹ̀ ń jáde láti inú owó ìwádìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ gbà. Bó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, físà rẹ̀ so mọ́ pé kó má kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí ogún lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Lẹ́tà tí yóò fi wáṣẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ni yóò kọ ọ́. Ẹ sọ fún mi, ọmọ ta ni yóò nawọ́?

Àwọn kan nawọ́ ṣá, àwọn tó pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá 2022, òṣìṣẹ́ bíi 48,000 ní Yunifásítì California gùn lé ìyanṣẹ́lódì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníwádìí wà lára wọn. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó parí. Wọ́n gba àfikún owó, wọ́n sì gba ààbò lọ́wọ́ ọ̀gá tó bá ń fi ipò ni wọ́n lára. Lọ́dún kan náà, níhìn-ín, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ oníwádìí ń jẹ. Níbí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó ilé ìwé rẹ̀, òun ló ń ra dátà orí fóònù rẹ̀, òun ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣírò lọ́wọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì jìnnà. Ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní CARTA, tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti ń ṣe àtìlẹ́yìn fún àwọn tó ń ka oyè ọ̀mọ̀wé nínú ètò ìlera, láìjẹ́ pé owó wọn ti àpò súpáfáísọ̀ wá. Ọmọ tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ láìbẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Kí iṣẹ́ kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ mìíràn tí kò sí nínú rẹ̀ ṣe ìṣirò náà látìbẹ̀rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìwé bí ó bá rí àṣìṣe. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní biostatistics lòun ń kà, ẹ má bi í pé ìgbà wo ni yóò di dókítà gidi.

Ẹ̀yin olówó wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ronú ilé alájà mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kọ́ sí ọgbà yunifásítì, kí wọ́n kọ orúkọ yín gàdàgbà síwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ san owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú ìmọ̀ yìí fún ọdún mẹ́rin, kí ẹ san án gba ọ́fíìsì yunifásítì, kó má gba ọwọ́ súpáfáísọ̀ kankan kọjá. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ọmọ náà bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tó sì sọ ọ́, owó rẹ̀ kò ní dúró. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí. Ẹ má gba ibòmíràn jáde.